Àwọn Àkèré Ẹ̀yìn Fèrèsé

Ajé, 3 Oṣù Kẹfà
Àkèré mẹ́rin kú ní Mímọ́. Mẹ́rin! Nínú adágún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ṣọ́ fún ọdún mẹ́rin, èyí tó wà lẹ́yìn fèrèsé mi yìí nìkan ni àrùn awọ kò tíì dé. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ní Mímọ́ nìyẹn. Òun ni mo fi ń díwọ̀n àwọn tó kù. Bó bá bàjẹ́, ìwé ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé mi bàjẹ́ nìyẹn.
Ó lè jẹ́ ooru. Ọlọ́run, jẹ́ kó jẹ́ ooru.

Ìṣẹ́gun, 4
Mọ́kànlá.

Ọjọ́rú, 5
Mo fi òwú nu ikùn wọn, mo gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yẹ àrùn wò. Àrùn awọ ni. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá ìwádìí, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú.
Ìyá mi pè. Wọ́n ní ẹni tó bá àkèré gbé fún ọdún mẹ́rin, ó yẹ kó ti mọ bí wọ́n ṣe ń fò wálé. Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò lè sọ fún wọn.

Ẹtì, 7
Mo sọ fún Bírò-Pupa — ọ̀gá tó ń tọ́ iṣẹ́ mi sọ́nà. Mo rò pé yóò bú mi ni. Inú ẹ̀ dùn! Ó ní orí tuntun nínú ìwé mi nìyẹn, kí n wá ibi tí àrùn ti wọlé, kí n kọ ọ́, ìwé mi ti parí. Ó ní ẹyẹ lè fi ẹsẹ̀ gbé e wá.
Bóyá ẹyẹ ni lóòótọ́. Mo sùn dáadáa.

Ajé, 10
Olùtọ́jú ọgbà ń walẹ̀ létí Mímọ́. Páìpù kan ló bẹ́. Mo ní páìpù wo?
"Ti síǹkì yàrá ìwádìí yín ni, Àǹtí. Látìgbà tí kòtò ẹ̀gbin ti kún, ibí ni wọ́n darí omi ẹ̀ sí. Wọn ò sọ fún yín ni?"
Wọn ò sọ fún mi. Ṣùgbọ́n —
Omi abọ́ àwọn àkèré tí mo fọwọ́ ara mi kó àrùn ràn fún ìwádìí gbọ́dọ̀ gba oògùn apakòkòrò kí n tó dà á nù. Òfin ni. Oògùn tán lóṣù Kẹrin. Mo ń kánjú. Mo dà á sí síǹkì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré.
Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Ọjọ́rú, 12
Mo fi àrùn Mímọ́ wé ti inú abọ́ mi. Àrùn kan náà, kò fi ibì kankan yàtọ̀.
Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹyẹ kò lè wá jẹ́rìí. Mo kọ "ẹyẹ". Mo pa á rẹ́. Mo tún kọ ọ́. Ó ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Ọjọ́bọ̀, 13
Bírò-Pupa fẹ́ rí orí tuntun lọ́la. Ìyá mi ti ń pè mí ní Dókítà lójú àwọn aládùúgbò.

Ẹtì, 14
Mo kọ ọ́. Ibi tí àrùn ti wá: síǹkì yàrá ìwádìí mi, láti ọwọ́ mi. Mo fi ránṣẹ́ kí ọkàn mi tó yí padà.
Òjò rọ̀ nírọ̀lẹ́, irú òjò tí àwọn àkèré Mímọ́ máa ń fi ariwo pàdé débi pé mi ò ní gbọ́ fóònù mi. Mo ṣí fèrèsé. Mo dúró títí òjò fi dá.
Mo gbọ́ fóònù mi. Bírò-Pupa ni. Mi ò gbé e.