Ibi tí Túyó Àlàní Ti Yà

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù kìíní, 2025

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀. Wọ́n ti dé. Èèyàn mẹ́ta, mọ́tò kan, ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn lọ́rùn wọn. Kí wọ́n tó mú títì tó lọ sí Ìgólò fẹ̀ sí i, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ gbogbo ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ — omi ìjọba, iná, wáyà tẹlifóònù. Ọ̀gá wọn, Rachad, ló sọ fún mi nígbà tó wá ra omi. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni. Gbólóhùn kan Nàgó, ìkejì Faransé.

Ọmọbìnrin kan wà pẹ̀lú wọn, Faridatou lorúkọ rẹ̀. Ó ń ti kẹ̀kẹ́ kékeré kan tó ní tẹlifísọ̀n lórí. Ó ń tì í díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ti ọmọ tó ti sùn. Mo ti sọ ọ́ ní Ìyá Kẹ̀kẹ́. Nínú kùrukùru yẹn n kò rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dà bíi pé ó ń léfòó bọ̀.

Ìṣẹ́gun, 14

Mo ta omi. Wọ́n ń rìn. Ilẹ̀ kò wí nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, 16

Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè sọ ọ́.

Kànga ẹ̀rọ àti táǹkì wà nínú àgbàlá mi. Ẹnu ẹ̀rọ omi méjì ni mo ní: ọ̀kan nínú ìsọ̀ tó fara ti ògiri mi, ìkejì ní òdìkejì títì, níbi tí àwọn ọlọ́kadà zẹ́mì ń dúró sí. Túyó, páìpù omi tí ọkọ mi, Àlàní, rì sábẹ́ ọ̀nà lọ́dún 2006, ni omi ń gbà débẹ̀. Wọn ò tíì da ọ̀dà sí ọ̀nà nígbà náà. Àlàní kò gba pàpíyé, ìwé àṣẹ ìjọba. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ọdún kẹfà rèé tó ti kú. Èmi àti Baba Ògúnjìnmí tó gbẹ́ kòtò náà nìkan ló mọ̀ pé túyó wà níbẹ̀.

Bí mo bá dákẹ́, katakata máa fà á ya, kò sì sẹ́ni tó máa dá mi lóhùn. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè ní: ta ló gbà ẹ́ láyè? Òdìkejì yẹn ni ìdajì ọjà mi. Ibẹ̀ ni owó ilé-ìwé Ràúfátù ọmọ mi ní Kútọnu ti ń wá. Mo ṣírò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bákan náà ló ń jáde.

Oorun gbé mi lọ́sàn-án nínú ìsọ̀. Mo lá pé èmi ni omi. Mo wà nínú túyó, ó tutù, ó ṣókùnkùn dáadáa, mò ń lọ láìyára. Ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ń kọjá lókè orí mi. Mo dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan — sálúbàtà ìyá ẹlẹ́pà, pátákò ewúrẹ́ Àlájì. Mò ń retí ẹsẹ̀ Àlàní. Oníbàárà kan gbá páànù, mo jí.

Jímọ́ọ̀, 17

Ìyá Kẹ̀kẹ́ pè mí wá wo tẹlifísọ̀n rẹ̀. Dúdú àti funfun, bí ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ lójú fèrèsé. Ohun yòówù tó bá wà lábẹ́ ilẹ̀, bí òṣùpá tuntun tó dojú dé ló máa ń rí.

“Èyí wáyà iná, Màmá.”

Èyí ńkọ́?

“Gbòǹgbò igi.”

Wọ́n ń fi ọ̀dà kun ojú ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń lọ. Pupa fún iná, búlúù fún omi. Ọ̀nà náà wá dà bí ẹ̀yìn ọwọ́ àgbàlagbà, gbogbo iṣan rẹ̀ yọ síta. Mo jókòó wò ó títí omi fi kún bídọ́ọ̀nù àkúnwọ́sílẹ̀.

Rachad ní ẹni tó bá ní ohunkóhun nísàlẹ̀ kó tètè wí. Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ni àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n ń yà máa lọ sí Kútọnu. Ohun tí kò bá sí lórí rẹ̀, kò sí láyé nìyẹn.

Àìkú, 19

Mi ò tíì sọ.

Ajé, 20

Mo sọ. N kò là á mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo kọ́kọ́ gbé omi tútù fún wọn. Mo wá ní bí ẹnì kan, ẹnì kan tí mo mọ̀, bá ní túyó tí kò ní pàpíyé, kí ni wọ́n máa ń ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Rachad ní, “Màmá Ràúfátù, ẹni tí ẹ mọ̀ yẹn, ṣé òun náà ń ta omi?”

Ìyá Kẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín títí ẹfun tó fi ń sàmì fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú tì mí díẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi díẹ̀.

Ó ní àwọn kì í ṣe ọlọ́pàá. Ohun tí àwọn bá rí ni àwọn ń kọ. Túyó tó bá ti wọ inú àwòrán, ẹni tó ń ṣe ọ̀nà gbọ́dọ̀ yọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́, kó sì rì í padà. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ kí n rí i. Ó kọ ọ́. Mo kà á, mo tún kà á.

Ọjọ́rú, 22

Túyó mi kì í ṣe irin, ẹ̀rọ ò tètè rí i nínú ilẹ̀ pupa wa. Ni ẹnìkẹta wọn bá mú ọ̀pá gígùn kan jáde. Eléti ni mò ń pe eléyìí. Wọ́n ní kí n ṣí ẹ̀rọ òdìkejì kó máa ṣàn tínńrín. Eléti fi ìdí ọ̀pá kan ilẹ̀, ó fi etí kan orí rẹ̀, ó pa ojú dé.

Rachad bẹ àwọn ọlọ́kadà, wọ́n pa ẹ̀rọ wọn. N kò rí irú rẹ̀ rí. Lójú títì Ìgólò, ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, gbogbo èèyàn ń retí kí ilẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ó ní òun gbọ́ ọ. Ó ní kí èmi náà wá gbọ́. Mo fi etí lé e. Bí ìgbà tí ẹnì kan bá ń mí nínú yàrá kejì. Mi ò fẹ́ gbé orí kúrò.

Ọjọ́bọ̀, 23

Mo jà, mo borí.

Kanifó ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀, kòtò onísímẹ́ńtì tí àgbàrá máa gbà níwájú ilé gbogbo wa. Ẹ̀bá ògiri mi gan-an ni wọ́n yà á sí. Ìsọ̀ mi máa wó nìyẹn. Mo mú Rachad lọ́wọ́. Mo fi ilẹ̀ koríko tó wà láàrin ìsọ̀ àti títì hàn án, ìgbésẹ̀ mẹ́rin ní fífẹ̀. Ẹ gbé e gba ibí, mo wí. Bídọ́ọ̀nù nìkan ni mò ń tò síbẹ̀.

“Kò sí nǹkan níbẹ̀, Màmá?”

Kò sí nǹkan kan.

Ó ní kí n buwọ́ lùwé. Mo kọ orúkọ mi, Hàsíátù, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ pé. Ìsọ̀ dúró. Mi ò gba owó omi lọ́wọ́ wọn lónìí.

Jímọ́ọ̀, 24

Wọ́n fi ọ̀dà búlúù kun ipa túyó mi. Tààrà ló ti inú àgbàlá jáde, ó gba abẹ́ ìsọ̀. Nígbà tó dé orí ilẹ̀ koríko, ó yà. Ó rọra yí po, bí ẹni tí kò fẹ́ tẹ ẹni tó sùn. Lẹ́yìn náà ló tún tọ́, ó lọ sábẹ́ títì.

“Ta ló gbẹ́ eléyìí, Màmá?” Rachad ló bi mí.

Ọlọ́kadà kan dá a lóhùn láti òdìkejì: “Túyó yẹn mu ọtí sódábì yó ni!” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rín. Mo rántí pé Àlàní ra igi túyó méjì lé iye tí mo ṣírò fún un, mo sì bá a jà fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kò mọ ìṣírò.

Ìyá Kẹ̀kẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá níbi tó yà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní, “Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ níbí rí, Màmá. Kì í ṣe kòtò túyó. Kékeré ni. Kò gùn tó apá mi.” Ó wá bi mí pé ọmọ mélòó ni mo ní.

Mo ní ọ̀kan.

Ọ̀kan ni mo ní. Méjì ni mo bí. Ọkùnrin ni àkọ́kọ́, lọ́dún 1998. Ọjọ́ márùn-ún ló lò, a ò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Inú yàrá ni mo wà nígbà tí wọ́n gbé e jáde. Lọ́dọ̀ wa, wọn kì í fi ibojì ọmọ han ìyá. Ẹni tó sin ín kì í sọ, ìyá kì í bèèrè. N kò bèèrè.

N kò sọ èyí fún un. Mo wọlé.

Àbámẹ́ta, 25

Ọyẹ́. Mi ò ṣí ìsọ̀.

Àìkú, 26

Mo gun zẹ́mì lọ sí Daagbé, lọ́dọ̀ Baba Ògúnjìnmí. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì. Ó ń bẹ gbágùúdá lábẹ́ igi, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe é fúnra rẹ̀ bíi pé ojú ò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Kòtò nìkan ni mo bèèrè. Kí ló dé tí ẹ fi yà á?

“Ìyàwó, ṣé omi ò lọ mọ́ ni?”

Ó ń lọ.

“Nígbà tó ń lọ, kí lo wá ń wá?”

Mo ní wọ́n fẹ́ gbẹ́ kanifó gba ibẹ̀. Mo ní èmi ni mo fi ibẹ̀ hàn wọ́n.

Ọ̀bẹ dúró. Ó ní nígbà tí òun gbẹ́ débẹ̀, òun yí ọkọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Àlàní ló di okùn ìwọ̀n mú. Ó bi òun pé kí ló dé. Òun wò ó lójú. Àlàní ká okùn náà, ó lọ ra igi túyó méjì sí i. Kò bi òun mọ́ títí tó fi kú.

“Ìyàwó, má bi mí ní èyí tí n kò gbọdọ̀ sọ fún ìyá.”

Mo ní n kò bi yín ní nǹkan kan, Baba.

“O ò bi mí,” ló wí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ gbágùúdá.

Àlàní náà mọ̀, nígbà náà. Ọdún mẹ́tàlá ló fi mọ̀ ọ́n, tó ń jẹun lọ́wọ́ mi, tí mò ń sọ pé kò mọ ìṣírò.

Ajé, 27

Mo ṣírò rẹ̀: páànù ìsọ̀, búlọ́ọ̀kù, oṣù mẹ́ta láìta omi lẹ́bàá ilé. Mo ṣírò dé ìsàlẹ̀ ìwé. Mo fi bíìkì tí mo fi ń kọ̀wé sílẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 28

Lẹ́yìn ìrun àárọ̀ mo lọ bá Rachad nídìí mọ́tò. Ó ń ká àwòrán náà. Mo ní kó dá kanifó padà sí ẹ̀bá ògiri.

Ó wò mí. “Màmá, ẹ̀yin náà lẹ bá mi jà. Ìsọ̀ yín máa lọ o.”

Mo mọ̀.

“Ẹ buwọ́ lùwé pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Kí ló wá wà níbẹ̀ báyìí? Mo gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀.”

Bí mo bá ní ibojì ni, wọ́n máa hú u. Wọ́n máa pè mí wá dúró tì wọ́n.

Ìyá Kẹ̀kẹ́ wà lẹ́yìn mọ́tò, ó ń nu ẹ̀rọ rẹ̀. Kò gbé orí sókè. Ó pe ọ̀gá rẹ̀: “Sẹ́ẹ̀fù, ilẹ̀ ibẹ̀ ti rọ̀ jù. Kanifó máa rì.”

Ilẹ̀ yẹn le bí òkúta. Mo mọ̀ ọ́n, òun náà mọ̀ ọ́n. Rachad wò ó, ó wò mí. Ó kọ ọ́: ilẹ̀ rírọ̀. Ó fi rọ́bà pa ìlà kan rẹ́, ó fa òmíràn gba abẹ́ ìsọ̀ mi. Ó ní wọ́n lè fún mi ní nǹkan lórí ìsọ̀, wọ́n sì lè má fún mi. Mo ní bí wọ́n bá fún mi, màá gbà á.

Mọ́tò wọn ti lọ. Mo ru bídọ́ọ̀nù lọ bá àwọn oníbàárà létí títì. Títí di Jímọ́ọ̀, àárín koríko yẹn ni mò ń gbà, torí ó yá. Lónìí mo gba ẹ̀bá ògiri, mo wá yí po. Ìgbésẹ̀ mọ́kànlá ló fi jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo kà á ní àlọ, mo kà á ní àbọ̀.