Ariwo Tí Mo Pa Níbi Tí Wọn Kì Í Ti Í Pariwo

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Mo kí ọkọ ẹ, mo kí gbogbo ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé ilé, mo kí ọmọ tó wà níkùn bó bá ti wà níbẹ̀, bí kò bá sì tíì wà níbẹ̀, mo kí àyè ẹ̀, kó má pẹ́ kún. Iṣẹ́ ẹ ò ní bàjẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́, ọ̀gá ẹ ò ní fi ojú burúkú wò ẹ́, ibi tí wọ́n bá ti ń pín oore, wọn ò ní ṣẹ́ ẹ kù. Àwa náà ń bẹ, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ ti bímọ, abo ni méjèèjì. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé tó ń jò ti dáwọ́ dúró, kò jò mọ́ rárá látìgbà tí òjò ti lọ. Ìyá oníbúrẹ́dì ojúlé kejì ní kí n kí ẹ, ó ní o ti sanra nínú fọ́tò, mo ní kó fi ọmọ mi lọ́rùn sílẹ̀.

Nígbà tó o bi mí lórí fóònù pé báwo ni ilé ìsinmi etí òkun tó o rán èmi àti bàbá ẹ lọ, mo ní ó dáa, mo sì pa fóònù. Má bínú. Ìyá oníbúrẹ́dì ló dúró tì mí, etí obìnrin yẹn sì gùn ju okùn tí mo ń sá aṣọ sí lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò, kí n tètè ròyìn ẹ̀ fún ẹ kí bàbá ẹ tó ròyìn tiẹ̀, torí tiẹ̀ ò ní lórí, kò ní nídìí.

O mọ̀ pé kó tó di pé ibi iṣẹ́ ẹ fún ẹ ní ìsinmi yẹn tó o ní ká lọ dípò ẹ, èmi àti bàbá ẹ ò bá ara wa sọ̀rọ̀. O mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n o ò mọ ìdí ẹ̀, torí bàbá ẹ sọ fún ẹ pé inú kàn ń bí mi lásán ni. Inú kì í bí mi lásán. Aṣọ àrán mi ni, èyí tó pọ́n bí osùn, tí mo ró lọ́jọ́ tí mo wọlé bàbá ẹ, tí mo ká sísàlẹ̀ àpótí. Bàbá ẹ ń wá nǹkan tó máa fi nu gíríìsì ara ṣéènì kẹ̀kẹ́ oníbàárà tó ń tún ṣe, ló bá ṣí àpótí mi, ló bá fi sísọ́ọ̀sì tí mo fi ń ránṣọ gé àrán náà wẹ́wẹ́. Mo figbe ta, ó ní ṣebí àkísà ni. Ọmọ mi, gígé tó gé e dùn mí, ṣùgbọ́n àkísà tó pè é ló wọ̀ mí lára. Mo ní kó má pè mí mọ́ láyé ẹ̀. Látọjọ́ náà, ewúrẹ́ la fi ń ránṣẹ́ síra wa. Màá kọjú sí ewúrẹ́, màá ní kó bá mi sọ fún ọkọ mi pé oúnjẹ ti délẹ̀, bàbá ẹ náà á sọ fún ewúrẹ́ pé òun ti gbọ́.

Bá a ṣe dé ibẹ̀, mo rí i pé ọgbà náà tóbi ju ìlú wa lọ. Ilé alájà rẹpẹtẹ, ṣọ́ọ̀bù lóríṣiríṣi, odò ìwẹ̀ tí àwọn ọmọdé ń pariwo nínú ẹ̀, orin níhìn-ín, orin lọ́hùn-ún. Mo ní ta ló fẹ́ sinmi níbí. Àfi bí mọ́tò kékeré kan tí kò nílẹ̀kùn ṣe wá gbé wa. Àánú awakọ̀ náà ṣe mí, mo ní ẹ pẹ̀lẹ́ o, àwọn olè tó yọ ilẹ̀kùn yín ò ní fi jẹun kalẹ́. Ó gbé wa gba ẹnu géètì míì tó wà nínú géètì, bí ariwo ṣe dá nìyẹn, bí ìgbà tí wọ́n bo ìkòkò lójú. Awakọ̀ ní ibi tó dákẹ́ jù nínú gbogbo ọgbà náà nìyí, ó ní owó gọbọi làwọn èèyàn ń san kí wọ́n má baà gbọ́ nǹkan kan. Háà! Ọ̀fẹ́ la ń ṣe tiwa nílé, látìgbà tí bàbá ẹ ti gé aṣọ mi.

Wọ́n so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ wa lọ́rùn ọwọ́ bí tilé ìwòsàn. Mo bi wọ́n pé àìsàn wo ni wọ́n rí lára mi. Wọ́n ní rárá o, wọ́n fi ń dá wa mọ̀ ni. Bàbá ẹ ní òun kì í ṣe adìyẹ tí wọ́n rà lọ́jà, ó já tiẹ̀ sọnù. Fi ìyẹn sọ́kàn.

Kọ́kọ́rọ́ yàrá wa kì í ṣe kọ́kọ́rọ́, káàdì pẹlẹbẹ kan ni, ó jọ ti báńkì bí ìbejì. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀ pé báńkì ló ni ilẹ̀kùn náà, pé gbogbo ìgbà tó bá ti ṣí, owó ẹ ló ń jáde níbi tó wà lọ́hùn-ún. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ̀n ẹ́ gbẹ, ni mo bá fi bàtà mi kan há ilẹ̀kùn, mo ń fi ẹsẹ̀ kan rìn kiri yàrá. Ó yẹ kó o dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Níta, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀. Mo ní òkú ti ṣẹ̀ nílé yìí, wọn ò sì fẹ́ kó ta sáwa àlejò létí. Mo lọ bá ìyá kan tó wọ gíláàsì dúdú létí omi, mo ní ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Ó dá mi lóhùn pé àmín, ó wá bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ pé ta ló kú. Mo ní mo rò pé èèyàn tiyín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Omi odò ìwẹ̀ wọn ń ṣàn kọjá etí ẹ̀ kan, mo sáré pe òṣìṣẹ́ kan pé kí wọ́n wá onípáìpù, ó ń jò o. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Mo ní a jẹ́ pé ẹni tó kọ́ ọ ti rẹ́ yín jẹ. Àwọn tó kù nà gbalaja sínú oòrùn bí aṣọ tí wọ́n sá. Àyà ọkùnrin kan ti pọ́n bí ata, ẹ̀yìn ẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà, mo rọra gbá a léjìká, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí padà, ẹ̀gbẹ́ ibí ti jinná.

Ìṣòro wa ni pé kò séwúrẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù méjì ló wà nínú yàrá, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan nílé ìwẹ̀, tó o bá sì ti gbé e, obìnrin olóhùn dídùn kan á bi ẹ́ pé kí lo fẹ́ kóun ṣe. Mo ronú sí i, mo ní ọmọ mi ti ro ẹjọ́ wa fún wọn, wọ́n sì ti fún wa ní onílàjà. Mo gbé e, mo ní kó bá mi sọ fún ọkọ mi tó wà nílé ìwẹ̀ pé kó má lo omi gbígbóná tán. Obìnrin náà ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí fóònù ilé ìwẹ̀ dún, mo gbọ́ ohùn bàbá ẹ tó ní kí wọ́n sọ fún mi pé òun ti gbọ́, kí wọ́n sì bá òun bi mí pé bàtà ta ló há ilẹ̀kùn. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn, ó tiẹ̀ yá ju ti ewúrẹ́ lọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, obìnrin yẹn ti ń fi tiẹ̀ kún un. Ó ní bàbá ní ẹ ṣeun, bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà, mo mọ̀ pé bàbá ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a jẹun ọ̀sán tán, bàbá ẹ wọ aṣọ funfun gbọ̀ọ̀rọ̀ kan tó nípọn bí tówẹ̀lì, tí wọ́n gbé kọ́ sí yàrá, ó ní aṣọ ẹgbẹ́jọdá ọgbà náà ni, ó sì jáde. Kò sọ fún mi, kò sọ fún fóònù. Mi ò kọ́kọ́ bìkítà, bẹ́ẹ̀dì náà fẹ̀, mo nà sí àárín ẹ̀. Ìgbà tí oòrùn ń wọ̀ ni mo gbé fóònù, mo ní kí obìnrin náà bá mi bi ọkọ mi pé ibo ló wà. Ó pe tilé ìwẹ̀. Ọmọ mi, fóònù yẹn dún nínú ilé ìwẹ̀ òfìfo, ó dún, ó dún, kò sẹ́ni tó gbé e.

Mo sáré bọ́ síta. Sálúbàtà bàbá ẹ ni mo rí létí òkun, ó tò wọ́n síra wọn bó ṣe máa ń tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà wa nílé. Bàbá ẹ ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Mo wo omi, omi wò mí. Mo wá rántí pé ọ̀rọ̀ tí mo fi ẹnu ara mi sọ fún un kẹ́yìn ni pé kó má pè mí mọ́ láyé ẹ̀.

Mo pariwo, mo ní Bàbá o! Ọkùnrin mẹ́ta dìde, bàbá ni gbogbo wọn. Kò sóhun tí mo lè ṣe ju kí n pe orúkọ tí mo ń pè é kí wọ́n tó bí ẹ, èyí tí mo gbé jù sílẹ̀ nígbà tí ojú ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í là. Mo ní Adúmáadán o! Adúmáadán ọkọ mi o! Àwọn ẹyẹ fò. Máníjà sá jáde tòun ti bàtà àti táì nínú iyanrìn, ó fi ìka sẹ́nu, ó ní màmá, ẹ jọ̀ọ́, ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nìyí. Mo ní lọ́jọ́ tí ìyàwó ẹ bá sọnù, wàá mọ̀ pé ìwọ náà ní ọ̀fun. Ìyá onígíláàsì dúdú bọ́ gíláàsì ẹ̀, ó ní kí lorúkọ ẹ̀ tí mo pè, mo sọ ọ́, lòun náà bá ki igbe bọlẹ̀. Ọkùnrin tó jinná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan dìde, ó ń pè é bí orúkọ oògùn, Adumádànù, ṣùgbọ́n ọkàn ẹ̀ wà níbẹ̀. Kó tó pẹ́, gbogbo etí òkun ti ń fi orúkọ ìkọ̀kọ̀ wa pe bàbá ẹ.

Àṣé bàbá ẹ wà lódìkejì, níbi aláriwo. Iyanrìn ń há a ní sálúbàtà, ló fi bọ́ ọ sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àrán ló ń wá. Kò rí i, àfi ìgbà tó dé ilé oúnjẹ wọn tó rí kọ́tìnnì àrán tó pọ́n bí osùn. Ibi tó ti na apá méjèèjì, tó ń wọn kọ́tìnnì oníkọ́tìnnì, ni àwọn gáàdì ti mú un, láìsí okùn lọ́wọ́, láìsí káàdì, láìsí bàtà. Wọ́n ní ilé wo ló dé sí, ó ní ilé táwọn èèyàn ò ti ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣì ń wo ara wọn lójú nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn mi. Bàbá ẹ ní ẹ gbọ́, èmi ni wọ́n ń pè yẹn. Ohùn náà ni wọ́n tẹ̀ lé títí wọ́n fi débẹ̀.

Nígbà tí mo rí i láàárín gáàdì méjì, mo fẹ́ dì mọ́ ọn, mo sì fẹ́ gbá a. Mo kọ́kọ́ gbá a ná. Ó wá fi ẹnu ara ẹ̀ sọ̀rọ̀, níṣojú gbogbo wọn. Ó ní kí n má bínú. Ó ní kì í ṣe pé òun fojú tín-ín-rín aṣọ náà, ó ní lọ́jọ́ tí mo ró o, òun ò wo aṣọ rárá, ojú mi lòun ń wò, ìdí nìyẹn tóun ò fi dá a mọ̀ nígbà tóun rí i nínú àpótí. Ọmọ mi, irọ́ ni. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ilẹ̀ ló ń wò bí ẹni tí bọ́tìnnì ẹ̀ já bọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ tó rin gbogbo ọ̀nà yẹn láìwọ bàtà, ó yẹ kéèyàn fún un lága kó jókòó. Ìyá onígíláàsì dúdú ń nu ojú. Máníjà náà ń wo òkè bíi pé kòkòrò kó sí i lójú.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ owó. Wọ́n gbé fíríìjì kékeré kan sí yàrá wa, bísíkíìtì àti ohun mímu ló kún inú ẹ̀. Mo rò pé wọ́n fi ń ṣe wá lálejò ni, mo jẹ ẹ́ tán kó má dà bíi pé a gbéra ga, wọ́n tún kó míì sí i, mo tún jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ní àwọn á kọ̀wé sí ẹ. Tó o bá rí i, má bá wọn jà, èèyàn dáadáa ni wọ́n.

Èkejì ni pé bàbá ẹ ti búra pé òun máa ra àrán míì fún mi, ìwọ náà sì mọ àpò bàbá ẹ. Bá mi fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n má fi ránṣẹ́ sí mi o, òun ni kó o fi ránṣẹ́ sí, kó o ní kó fi ra táyà kẹ̀kẹ́. Mo mọ̀ ọ́n, kò ní ra táyà. Á wọlé tòun ti àrán lábẹ́ apá, bí ẹni tó fi òógùn ojú ẹ̀ rà á. Má jẹ́ kó mọ̀ pé mo bá ẹ sọ ọ́. Mo ti ń fi ìyàlẹ́nu dánra wò níwájú dígí, ó ti ń jọ òótọ́ díẹ̀díẹ̀.

Kí Ọlọ́run fún ìwọ àti ọkọ ẹ ní ilé tí ẹ ó ti máa gbọ́ ohùn ara yín. Bẹ́ ẹ bá jà, ẹ ò ní jà pẹ́. Ẹni tó bá rìn jìnnà nínú yín, ohùn èkejì ni yóò máa mú un wálé.

Èmi ni,
Ìyá tó bí ẹ