Táyà Ńlá Tí Mo Ní Kí Wọ́n Lò

                                        Ojúlé Kọkànlá, Òpópónà Harlan,
                                        Flint, Michigan.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹta, 2011.

Earlene, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Orúnkún rẹ ńkọ́? Ọkọ rẹ ṣì ń húkọ́? Ṣé omi ti fà kúrò lóko yín ní Mississippi? Àwa ṣì wà láàyè. Jonelle, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ èyí, o mọ̀ pé n kò mọ̀wé.

Ìròyìn mi kò dára. Ilé ẹ̀kọ́ Jonelle ti sọ pé bí róbọ́ọ̀tì tí Jonelle àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kàn kò bá yege dé ìdíje ìpínlẹ̀, àwọn yóò ti yàrá iṣẹ́ wọn pa. Mo gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo lọ fún wọn lọ́sàn-án Sátidé kan, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń jiyàn. Táyà ínǹṣì mẹ́rin ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀rọ náà, ikùn rẹ̀ sì ń há sórí pákó tó yẹ kó gùn kọjá. Jonelle ní kí wọ́n fi táyà kékeré kan sí i láàárín, yóò kọjá.

Mo ní, “Ẹ gbé ti ínǹṣì mẹ́jọ sí i, kí ẹ yé pariwo.”

“Màmá àgbà, táyà ńlá máa fẹ́ jíà mìíràn tó máa yí i. Ẹ̀ńjìnnì yìí nìkan ò ní lè yí i.”

“Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní táyà? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń de táyà mọ́ ọkọ̀. Wọn ò tíì bí ìyá ẹ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, olùkọ́ wọn, ti bá mi ṣiṣẹ́ rí ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀. O mọ àṣà wa níbẹ̀: ẹni tó bá pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń gbọ́ tiẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣe ohun tí mo wí. Wọ́n pààrọ̀ táyà, wọn kò pààrọ̀ jíà.

Lọ́jọ́ ìdíje, ẹ̀rọ wa gun pákó náà bí ewúrẹ́. Mo pàtẹ́wọ́. Àfi ìgbà tí ẹ̀rọ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìlú Saginaw fẹ̀gbẹ́ tì í. Tiwa ń kùn, kò lè tì í padà. Òórùn jíjó gba ibẹ̀ kan, ẹ̀rọ wa sì kú sójú kan náà.

Ọmọ Saginaw kan kígbe, “Ẹ sin ín síbẹ̀!”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. A kò yege, ó parí. Lọ́jọ́ Ajé, ilé ẹ̀kọ́ kó irinṣẹ́ àwọn ọmọ jáde sínú páálí, wọ́n sì fi àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà. Àṣé ẹni tó mọ táyà dè kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń yí i. Ẹyin lohùn, Earlene. Tèmi ti fọ́.

Jonelle kò bú mi. Kò sì bá mi jókòó jẹun mọ́.

Nígbà tí a dé ibi tí mo ti ní kí wọ́n lo táyà ńlá nínú lẹ́tà yìí, ó gbé bírò sílẹ̀, ó ní, “Ṣé kí n fo ìyẹn?” Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe rí. Padà lọ wò ó: ó kọ ọ̀rọ̀ ibẹ̀ gàdàgbà ju gbogbo ìyókù lọ.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kó lo oògùn rẹ̀. Kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó bá ṣẹ́ kù.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ tó ṣì ń mí,
X
(àmì ọwọ́ Verdell)