Ẹfọ̀n, Ẹyẹlé àti Ọ̀bẹ Màrìwò

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù Keje

Wọ́n ti gbé e dé. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé e wọlé, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn lọ́rùn bí ìyàwó. Alùpùpù ńlá, dúdú àti pupa, táyà rẹ̀ fẹ̀ ju itan mi lọ. Wa ló rà á — Wa, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí ilé rẹ̀ di alájà láti ìgbà tó ti yá àwọn àlejò ní ilẹ̀ ìrẹsì rẹ̀ kí wọ́n fi kọ́ ilé ìgbafẹ́. Ọmọkùnrin rẹ̀ ló rà á fún. Ọmọ náà jáde ilé ẹ̀kọ́, ó pé ọdún méjìdínlógún, ó parí.

Èmi náà jáde ilé ẹ̀kọ́. Mo sì ti pé méjìdínlógún ní oṣù Kẹrin. Màmá se ìrẹsì aláwọ̀ ìyeyè fún mi, ó gé ẹyin lé e lórí. Mo jẹ ẹ́ tán, mo dúpẹ́. Mi ò purọ́, mo dúpẹ́ lóòótọ́.

Níta, Bli Putu ni mo gbọ́dọ̀ máa pe ọmọ Wa, bíi pé ẹ̀gbọ́n mi ni, torí bàbá rẹ̀ ló ṣáájú bàbá mi. Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo fi oṣù mẹ́ta jù ú lọ. Nínú ìwé yìí, Dígí ni. Kò sí dígí kan tó lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó má yẹ irun rẹ̀ wò níbẹ̀. Alùpùpù rẹ̀ ń jẹ́ Ẹfọ̀n.

Mo jowú. Ó dáa, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Rú, 3

Mo lọ sọ́dọ̀ Ìyá Olùkọ́ Sekar. Ó fẹ́ ta alùpùpù kékeré tó ń gùn wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Àwọ̀ eérú. Tó bá ti ń ṣiṣẹ́, á máa kùn bí ẹyẹlé orí òrùlé, nítorí náà Ẹyẹlé ni. Ìyá Olùkọ́ ń kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní ìlú Surabaya, ó sì gbọ́dọ̀ tà á kó tó lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dúró dè mí títí di ọjọ́ tó ṣáájú ọdún Tumpek Landep. Ó gbà. Ó ní, "Ṣùgbọ́n Kadek, tó bá ti kọjá ọjọ́ yẹn, mekáníìkì ọ̀nà ọjà ni màá tà á fún, ó ti ń dà mí láàmú."

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì á bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́, ìsàlẹ̀ òkè lọ́hùn-ún ni, kò sì sí ọkọ̀ èrò tó ń gba abúlé wa láàárọ̀. Mo nílò Ẹyẹlé. Ohun mìíràn tún wà: mo fẹ́ kó wà lórí ìlà. Ọjọ́ Ohun Mímú, ohun tó ń gé nǹkan, ni Dadong, ìyá bàbá mi, ń pe Tumpek Landep. Gbogbo ilé ló ń kó irin wọn jáde sí àgbàlá lọ́jọ́ náà, ọkọ̀, alùpùpù, àdá, ọkọ́, kí àwòrò wọ́n omi mímọ́ sí wọn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, kò tíì sí ohun tèmi lórí ìlà yẹn rí.

Ibo lowó á ti wá? Ọwọ́ mi méjèèjì. Màrìwò àgbọn, ọ̀bẹ kékeré tí Dadong fún mi, àti àwọn abọ́ ọrẹ tí mo ń hun tà lọ́jà láràárọ̀. Tí Ọjọ́ Ohun Mímú bá sì ti ń súnmọ́, gbogbo ẹni tó ní táyà ló ń wá ọ̀ṣọ́ màrìwò kiri.

Ọjọ́ Ẹtì, 5

Dígí kò tíì gun Ẹfọ̀n. Ó ń nù ún ni.

Ọjọ́ Àìkú, 7

Wa wá mu kọfí lọ́dọ̀ wa. Ó ní kí Màmá má fi ṣúgà sí i, dókítà ò fẹ́. Nígbà tí Màmá kẹ́yìn, ó bu ṣúgà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́: òun fẹ́ ra alùpùpù fún èmi náà. Tuntun. Kò ní tó Ẹfọ̀n, ṣùgbọ́n tuntun ni. Ó ní ojú ń ti òun kí ọmọ àbúrò òun máa fẹsẹ̀ rìn.

Bàbá ń wo inú ife rẹ̀. Màmá ń wò mí.

Mo ní, "Ẹ ṣé gan-an ni, Wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbìyànjú èyí tí mo dáwọ́ lé."

Ó rẹ́rìn-ín. "Olórí kunkun bíi Dadong ẹ." Dadong fèsì láti ilé ìdáná pé etí òun ò tíì di o.

Kì í ṣe ìgbéraga. Tàbí díẹ̀ ni. Èèyàn dáadáa ni Wa, tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́, mo sì mọ rírì rẹ̀ débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n mò ń wo Dígí. Láti ìgbà tí Ẹfọ̀n ti dé, kò lè sọ fún bàbá rẹ̀ mọ́ pé ó rẹ òun. Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an, "bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá" ni. Èmi fẹ́ ohun tí mo lè gùn láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí Wa lọ, Bàbá ní, "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n, Dek." Inú rẹ̀ dùn. Ó fẹ́ fi pamọ́, kò mọ̀ ọ́n fi pamọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 14

Àná ni Ọjọ́ Ìwé, a kì í kàwé, a kì í kọ̀wé, ìdí nìyẹn tí ojú ewé fi ṣófo. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ra gbogbo abọ́ ọrẹ mi tán kí oòrùn tó gbóná. Mo ra ẹja gígún tí wọ́n ń we mọ́ igi yan fún Dadong. Ó jẹ ẹ́ tán pátápátá, ó ní kò níyọ̀ tó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

Mo rí i nígbà tó ṣubú. Dígí wa Ẹfọ̀n dé ìyànà tẹ́ńpìlì, ó fẹ́ ṣẹ́rí, ohun ńlá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Jẹ́ẹ́jẹ́ ló dùbúlẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀, bí màlúù tí oorun ń kùn. Èmi àti obìnrin kan tó ń ta tófù la jọ gbé e dìde. Ọ̀dà Ẹfọ̀n họ láti ẹ̀gbẹ́ táńkì dé abẹ́ ìjókòó. Ojúgun Dígí bó.

Ó ní, "Dek, jọ̀ọ́, má sọ fún Bàbá mi."

Láti ọjọ́ kìíní oṣù ni mo ti ní ẹ̀rín kan nílẹ̀ de irú ọjọ́ yìí. Nígbà tó dé, ẹ̀rín náà ò jáde. Mo fi omi kànga fọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 21

Iṣẹ́ ti pọ̀ jù mí lọ, ọpẹ́ ni. Pak Rentin, tó ń fi ọkọ̀ gbé àwọn àlejò kiri, fẹ́ ọ̀ṣọ́ fún gbogbo ọkọ̀ rẹ̀. Olórí àdúgbò fẹ́. Ìyá aláta fẹ́ fún ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ àti ẹ̀rọ ìlọta. Ṣùgbọ́n màrìwò kì í pẹ́ gbẹ. Èèyàn ò lè hun ún sílẹ̀ ju ọjọ́ díẹ̀ lọ ṣáájú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni màá bẹ̀rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá jáde, Ẹyẹlé ti di tèmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23

Nǹkan oṣù mi dé. Lónìí. Kò rí ọjọ́ mìíràn dé.

Obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í fọwọ́ kan ohun ọrẹ. Ní ilé mìíràn, wọ́n lè gbójú fò ó. Kì í ṣe ilé tí Dadong wà. Kí n tó sọ tán, ó ti gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, ó ti wọ́ ìdì màrìwò kúrò níwájú mi.

Mo ní, "Dadong, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀."

Ó ní, "Ìwọ á mọ̀. Gbogbo ọkọ̀ tó bá níjàǹbá lọ́nà yìí, wàá máa bi ara ẹ ní ìbéèrè."

Ojú Dadong ò ríran dáadáa mọ́. Màmá ń fọ aṣọ ní ilé ìgbafẹ́ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Kò sí ọwọ́ mìíràn. Mo sunkún títí orí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi.

Ọjọ́ Rú, 24

Dígí jí wá. Ó ti ṣán ìró rẹ̀ mọ́ ìdí, ó jókòó sí àyè mi. Ó ní Dadong ló ránṣẹ́ pe òun. Dadong ní òun ò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Kò sẹ́ni tó tún bi í.

Mo jókòó jìnnà sórí àkàsọ̀ ilé ìdáná, mo ń fi ẹnu ṣiṣẹ́. Àwọn ọkùnrin wa náà mọ màrìwò gé fún òpó ọdún Galungan, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ kò ṣàjèjì pátápátá. Ṣùgbọ́n ó mú sítépúlà wá! Dadong sún mọ́ ọn, ó gbọ́ "kà" bó ṣe ń dún. "Putu, ṣé fáìlì ìjọba lo fẹ́ so mọ́ ọkọ̀ wọn lọ́rùn ni?" Dígí tì í bọ àpò, ó mú igi oparun wẹ́wẹ́ tí gbogbo wa fi ń gún màrìwò pọ̀.

Mo ní, "Bli, ìyẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ìtẹ́ adìyẹ ni."

"Wá hun ún fúnra ẹ."

"Wọn ò jẹ́ kí n hun ún."

"Ó dáa, panu mọ́."

Inú ti ń run mí tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín tún wá dá kún un. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń hun ti jọ ọ̀ṣọ́.

Ọjọ́bọ̀, 25

Ìka rẹ̀ ti di kìkì báńdéèjì. Kò lọ. Ó ní alùpùpù kékeré lòun fẹ́, irú èyí tí ẹsẹ̀ òun máa tólẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá òun ti sanwó kó tó sọ fún òun, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìwọ lè wo ojú yẹn kó o sọ pé o ò fẹ́?" Mi ò lè sọ ọ́.

Ó hun ọ̀kan tó gùn ju gbogbo ìyókù lọ. Mo bi í ta ló ni ín.

"Ẹfọ̀n. Ó gbọ́dọ̀ bo ibi tó họ."

Ọjọ́ Ẹtì, 26

Nǹkan oṣù mi ti dá, mo fọ irun mi láàárọ̀ láti di mímọ́, Dadong dá ọ̀bẹ mi padà. Mo parí èyí tó kù, mo pín gbogbo rẹ̀ kiri, wọ́n sì san owó wọn láìjiyàn. Pak Rentin tiẹ̀ yìn mí. Mo kí i ní kíkí ọ̀wọ̀, mo sáré wálé.

Owó Ẹyẹlé pé. Ìyẹn tí mi ò bá fún Dígí ní nǹkan kan.

Kò béèrè. Wa ló ń ra epo sí i lọ́kọ̀, Wa ló ń fún un lówó àpò. Kò nílò rẹ̀. Mo ń rìn yí kànga po, mò ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi. Ṣùgbọ́n mo rí àwọn ìka wọ̀nyẹn. Tí mo bá gun Ẹyẹlé lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tí mi ò san, ta ni wọ́n wá fún ní alùpùpù lọ́fẹ̀ẹ́? Èmi náà ni.

Mo san án bí wọ́n ṣe ń san fún alágbàṣe lọ́jà. Ó ní, "Ṣé orí ẹ pé báyìí, Dek?" Mo tì í bọ àpò ẹ̀wù rẹ̀. Ó yọ ọ́ jáde, ó tẹjú mọ́ ọn. Mi ò tíì rí i kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí ohun tí kì í ṣe dígí.

Mo wá lọ sọ́dọ̀ Ìyá Olùkọ́ Sekar pẹ̀lú owó tí kò pé. Ó di ọwọ́ mi mú. Inú rẹ̀ bàjẹ́ ju tèmi lọ. Ọ̀la ló ń lọ, owó náà ló fẹ́ fi kó ẹrù. Mekáníìkì dé, ó ka owó lé e lọ́wọ́, ó gun Ẹyẹlé lọ. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń kùn títí tó fi kọjá afárá.

Mo sunkún lójú ọ̀nà. Lọ́la, tí àdúrà bá parí, màá lọ bá Wa, màá ní mo gbà. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27

Wọ́n to gbogbo rẹ̀ sí àgbàlá. Ọkọ̀ Wa. Ẹfọ̀n, pẹ̀lú ọ̀ṣọ́ gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì. Alùpùpù Bàbá tó ti gbó. Àdá, ọkọ́, ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá. Mo dúró lẹ́yìn gbogbo wọn, mo káwọ́ lẹ́yìn bí àlejò.

Dadong gbé àga kékeré jáde. Ó kọjá lára alùpùpù, ó kọjá lára ọkọ̀, ó gbé àga náà síwájú gbogbo wọn. Ó tẹ́ aṣọ funfun sórí rẹ̀, ó gbé ọ̀bẹ mi lé e, ọ̀bẹ tí pípọ́n ti jẹ títí tó fi tín-ín-rín bí ewé. Ó gbé odindi ọrẹ tirẹ̀ síwájú rẹ̀: ìrẹsì, òdòdó, ẹyin, kọfí díẹ̀.

Wa sọ fún Dadong pé, "Màmá, ọkọ̀ ló máa ń ṣíwájú."

Dadong ò wẹ̀yìn. "Ọjọ́ Ohun Mímú ni. Kí ló mú ju èyí lọ nínú agbo ilé yìí? Kí táyà tẹ̀ lé e."

 Mo kàn ń wo ẹsẹ̀ mi.

Àwòrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n omi. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ẹfọ̀n, omi wúwo lórí ọ̀ṣọ́ náà, ó sì yọ̀ wálẹ̀. Wa rí ibi tó họ. 

Dígí ní, "Èmi ni, Bàbá. Ó wúwo jù mí lọ. Mo ṣubú."

Wa bẹ̀rẹ̀, ó he ọ̀ṣọ́ náà. "Ta ló hun èyí?"

"Èmi náà ni."

Wa fi ìka tọ ojú ìhun rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó pẹ́ lórí rẹ̀ ju bó ṣe pẹ́ lórí ibi tó họ. Ó wá so ó padà fúnra rẹ̀, ó ní kí àwòrò máa bá iṣẹ́ lọ.

Ìgbà yẹn ni Dígí yọ ọ̀bẹ kékeré kan láti inú ọ̀já rẹ̀. Tuntun, bébà ilé ìtajà ṣì wà lára èèkù rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ó ní, "Owó àná ni." Dadong sún abọ́ ọrẹ náà díẹ̀, ó fi sáàárín ọ̀bẹ méjèèjì.

Lẹ́yìn àdúrà, mi ò lọ sọ fún Wa pé mo gbà. Pak Rentin ló yà wá kí wa, ó ní ọkọ̀ òun ń sọ̀kalẹ̀ lọ gbé àlejò láràárọ̀, ìjókòó iwájú ṣófo, kí n máa jókòó níbẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kí n sáà máa hun ọ̀ṣọ́ òun ní gbogbo ọdún. Ó di Galungan kí n tó tún wá ẹyẹlé mìíràn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Dadong, mo sì lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Wa, torí ó ti fẹ́ ra alùpùpù fún mi.

Ìrẹsì tí àwòrò fi súre fún wa ṣì lẹ̀ mọ́ iwájú orí Dígí nígbà tó wá bá mi lẹ́bàá kànga. Ó ní tí iṣẹ́ Galungan bá dé, kí n má gbàgbé òun. Mo mú ọ̀bẹ rẹ̀, mo fi àtàǹpàkò kan ojú ọ̀bẹ náà wò, kò tíì mú. Mo ní kó jókòó, kí n kọ́kọ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọ̀bẹ.