Ìbéèrè Oníkúlíkúlí Gàmbàrí

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú àárò mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìlọrin níbí. Mo kí Bàámi, mo kí Bùọ̀dá Délé àti àwọn ìyàwó ilé ní Ìkàrẹ́. Ara mi le. Ooru ibí nìkan ni kò tíì mọ̀ pé àlejò ni mí. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé ilé tí mo gbà ní àdúgbò Basin, ohùn ara mi nìkan ni mò ń gbọ́; ẹ má bínú bí ìwé yìí bá gùn.

Ẹ bi mí lórí fóònù pé kí ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì gan-an. Ìmọ̀ oúnjẹ ni. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí mo fi òfin kan kún un: akẹ́kọ̀ọ́ tó bá yẹ nǹkan wò gbọ́dọ̀ lọ ṣàlàyé ohun tó rí fún ẹni tó ni nǹkan náà, ní Yorùbá, kó sì gba ìbéèrè bọ̀. Ìbéèrè yẹn ni mò ń fún ní máàkì.

Ọ̀kan nínú wọn, Kúdírátù, ra ẹ̀pà lọ́wọ́ Ìyá Sáfú tó ń ṣe kúlíkúlí ní àdúgbò Gàmbàrí níbí. A yẹ̀ ẹ́ wò, a bá oró nínú rẹ̀, irú èyí tó máa ń wà nínú ẹ̀pà tó bu, tí í ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Díndín kì í pa á tán. Àwọn kan fẹ́ gbé e sórí Wáàsáàpù lójú ẹsẹ̀. Mo ní rárá, ẹ jẹ́ ká lọ bá a.

Láàárọ̀ Àlàmísì, Kúdírátù bẹ̀rẹ̀ àlàyé, gẹ̀ẹ́sì ń dí i lẹ́nu. Èmi ni mo bá a parí rẹ̀. Ìyá Sáfú ò gbójú kúrò nínú agbada. Ó ní, "Ṣé ẹ wá sọ pé kí n má ṣòwò mọ́ ni?"

Òun náà ló béèrè pé inú àpò wo ni ẹ̀pà ọ̀hún ti wá. Àpò méjì ló ní: ọ̀kan wà lórí pákó, èkejì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri tí òjò máa ń rin. Ó rántí pé inú méjèèjì lòun ti bù fún Kúdírátù. Ó ní, "Ẹ da olóòótọ́ pọ̀ mọ́ olè, ẹ wá dá àwọn méjèèjì lẹ́bi."

Ojú tì mí. A tún wọn yẹ̀ wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ti orí pákó dára. Ti ẹ̀bá ògiri ló léwu. Kò bá wa jiyàn. Ó gbẹ́lẹ̀, ó da àpò náà sí i pátá, ó bò ó. Ó wá ní òróró tóun bá fún lára ẹ̀pà lòun tún fi ń dín kúlíkúlí. Ó bi wá pé ṣé inú òróró ni oró ń gbé ni, àbí inú kúlíkúlí? Ìwé sọ díẹ̀, ṣùgbọ́n a ò tíì wọn bó ṣe ń ṣe tirẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ Àtàláátà ó wá sí yàrá àyẹ̀wò wa, ó fọwọ́ fún òróró lára ẹ̀pà tó bu tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ wa níwájú àwọn ọmọ, ó dín kúlíkúlí rẹ̀, a sì bù nínú méjèèjì fún àyẹ̀wò. Wọ́n bi í ní ìbéèrè tí wọn kì í bi mí. Ó fi kúlíkúlí ẹ̀pà tó dára ṣe wá lálejò, a jẹ ẹ́ tán. Bó ṣe ń lọ, ó sọ fún Kúdírátù pé, "Bí èsì bá burú, ẹ má tìtorí pé ẹ ti jẹ kúlíkúlí mi kẹ́ ẹ bu òótọ́ kù." Èsì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí.

Bí ẹ bá ń fèsì, ẹ sọ fún mi bí Ìyá Àgbà ṣe ń mọ ẹ̀pà tó korò kó tó fi sẹ́nu.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ kalẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀