Láti Ara Ògiri ní Festac

Ìyá mi, èmi Afeez ni. Ẹ kú ilé o. Ohùn ni mo fi ránṣẹ́, ọwọ́ mi ò ráyè tẹ fóònù. Ara mi le. Ara ògiri ilé alájà mẹ́rin tí mò ń kùn lọ́dà ni mo wà, atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi dáadáa. Irin táńkì omi tí ọ̀gá so okùn mi mọ́ lórí òrùlé ló kàn ń mì díẹ̀. Waheed tá a jọ ń kùn ún ń pariwo nísàlẹ̀ pé kí n má mira títí ọ̀gá á fi ti Mazamaza dé. Mi ò kúkú ríbi lọ.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń so igbà kí wọ́n tó gọ̀pẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn pé ọ̀gá ló so tèmi.