Apá Ehoro Tiril

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá
Ìpàdé ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Àwa márùn-ún. Ọ̀rọ̀ Ilé Ìwòsàn Ọmọláńgidi ni: àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi á gbé ọmọláńgidi wọn wá, àwa á wọ aṣọ funfun, a ó "tọ́jú" wọn, kí ẹ̀rù dókítà má baà máa ba àwọn ọmọ. Iṣẹ́ dáadáa. Torí ẹ̀ ni mo ṣe wọ ìgbìmọ̀ yìí. Àmọ́ Eskil, alága wa (Eyín-Funfun ni mo ń pè é lọ́kàn mi), fi ìdajì ìpàdé sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó máa ya fọ́tò, àti ibi tí orúkọ ẹgbẹ́ máa wà nínú ẹ̀. Òjò. Bergen ṣáà ni, ìlú tí òjò kì í dá.

Ọjọ́bọ̀, 6
Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.
Àárọ̀ dùn. Mo gbọ́ àyà erin kan, mo gún béárì kan lábẹ́rẹ́. Ìgbà tó yá ni Tiril dé iwájú tábìlì mi. Ọmọ ọdún márùn-ún, ehoro aláṣọ lábẹ́ abíyá. Kò bọ́ ẹ̀wù òjò, bẹ́ẹ̀ inú ilé móoru.
Mo bi í pé kí ló ṣe Ehoro. Ó ní apá rẹ̀ ló dá. Báwo ló ṣe dá? "Ó pariwo nígbà tí Dádì ń sùn." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni ń sọ pé òjò ń rọ̀. Mo mú báńdéèjì. Ó ní: "Àǹtí, ẹ dì í sábẹ́ aṣọ o. Kí wọ́n má rí i." Lẹ́yìn náà: "Ṣé ó lè sùn sọ́dọ̀ yín lónìí?"
Apá òsì ọmọ náà fúnra rẹ̀ lẹ̀ típẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án díẹ̀. Ó fà sẹ́yìn.
Mo lọ bá Wenche, olùkọ́ wọn. "Áà, Tiril! Ẹ má dá a lóhùn, ìtàn ló pọ̀ nínú ẹ̀." Kò wo ojú mi. Mo pe Eskil sí kọ̀rọ̀, mo sọ fún un. "Torunn, jọ̀ọ́, kì í ṣe òní. Ayàwòrán ti dé." Ó lọ lóṣòó ti ọmọ náà, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó ní, "Rẹ́rìn-ín, olorì kékeré."
Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ ọ́n rín. Ìyẹn ló burú jù.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Ìpàdé pàjáwìrì, èmi ni mo pè é. Mo ní ká pe àjọ tó ń dáàbò bo ọmọdé. Eskil ní tí a bá fẹjọ́ òbí kan sùn báyìí, kò sí jẹ́lé-ó-sinmi tó máa kó ọmọ wá mọ́. Àwa la máa wó ohun tí àwọn tó ṣáájú wa kọ́. Ingvild, ọ̀rẹ́ mi, tá a jọ gé òkú kan náà lọ́dún kìíní — òun ló ní: "Akẹ́kọ̀ọ́ ni wá, Torunn. A ò tíì di dókítà."
Ẹnì kan ní ká dìbò. Wọ́n dìbò! Lórí apá ọmọ ọdún márùn-ún! Búrẹ́dì aládùn wà lórí tábìlì. Wọ́n ń fi ọwọ́ kan jẹun, wọ́n na èkejì sókè. Mẹ́rin sí ọ̀kan: ká dákẹ́. Akọ̀wé béèrè bóyá kóun kọ ọ́ sílẹ̀. Eskil ní kò pọn dandan. Ohun tó kàn: aṣọ ẹgbẹ́, ṣé àwọ̀ ewé ni àbí àwọ̀ aró.

Àbámẹ́ta, 8
Oúnjẹ ò wọlé. Mo ń rántí ẹnu wọn.

Àìkú, 9
Mo pe Màmá ní Voss. Bọ́ọ̀sì ló fi gbogbo ayé ẹ̀ wà, kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn. Mo ṣàlàyé ìgbìmọ̀, alága, ìbò. Ó ní: "Ìgbà wo lo wá nílò ìbò kó o tó gbé fóònù?"

Ọjọ́ Ajé, 10
Mo pe àjọ náà. Obìnrin kan, ohùn tútù. Ó béèrè orúkọ mi, mo sọ ọ́. Ó ní àwọn ò ní lè sọ ohunkóhun padà fún mi. Ó yẹ kó jẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo pè. Ìtìjú.

Ọjọ́rú, 12
Àjọ náà ti dé jẹ́lé-ó-sinmi. Eskil dè mí lẹ́nu ọ̀nà. "O ti tà wá." Mo ní orúkọ ara mi ni mo lò. Ó ní, "O ò lórúkọ tìrẹ níbí. Ọmọ ìgbìmọ̀ ni ẹ́." Nírọ̀lẹ́, wọ́n yọ mí kúrò lórí Wasáàpù ìgbìmọ̀. Ingvild rí mi nínú bọ́ọ̀sì, ó sọ̀ kalẹ̀ kó tó débi tó ń lọ.

Àbámẹ́ta, 15
Wọ́n ní ìgbìmọ̀ ń kọ́ni bí a ṣe ń ṣe aṣáájú. Èmi, ó kọ́ mi bí ọwọ́ ṣe ń gòkè torí pé ọwọ́ ẹlòmíràn ti gòkè. Tùù!

Ìṣẹ́gun, 25
Ìwé ìpolówó tuntun lára ògiri ilé ìkàwé. Tiril! Ẹ̀rín yẹn. Ọwọ́ Eskil léjìká ẹ̀. Lábẹ́ ẹ̀: "Níbi tí a ti ń gbọ́ ohùn ọmọdé." Mo fà á ya. Òmíràn wà níbi tá a ti ń jẹun. Mo fa ìyẹn náà ya.

Ọjọ́ Ẹtì, 28
Ìpàdé gbogbogbòò. Gbọ̀ngàn kún. Eskil ka ìròyìn ọdún, ohùn bí oyin: "Lọ́jọ́ náà, a kíyè sí àmì ewu lára ọmọ kan, a sì gbé ìgbésẹ̀ kíákíá." A! Ta ni "a"? Ó ní ọdún yìí ti la òun lójú: dókítà àwọn ọmọdé lòun máa ṣe. Àtẹ́wọ́. Àwọn kan dìde.
Èmi náà dìde. Mo ní ìgbìmọ̀ ò gbé ìgbésẹ̀ kankan. Ńṣe la dìbò pé ká dákẹ́, mẹ́rin sí ọ̀kan, a sì ń jẹun lọ́wọ́. Eskil rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún Torunn, ó ti rẹ̀ ẹ́. Àwọn kan bá a rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni Ingvild sọ̀rọ̀, láì dìde, ojú ẹ̀ nílẹ̀: "Òótọ́ ló sọ. Mo wà lára àwọn mẹ́rin."
Mo rò pé nǹkan kan máa wó. Kò sóhun tó wó. Wọ́n sún sí ohun tó kàn: yíyan alága. Wọ́n tún yan Eskil. Kì í ṣe gbogbo wọn. Àmọ́ wọ́n pọ̀ tó.
Ingvild lé mi bá níta. Mi ò kí i. Ó ní, "Ṣé ara ọmọ yẹn ti yá?"
Mo ní mi ò mọ̀, wọn ò sì ní sọ fún wa láé.
Ó ní, "Láé?"
Mo ní láé.